Màmá Téèpù, Ìyá Tó Gba Pápá Sílẹ̀ Fún Àwọn Ọmọdé

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí màmá wa ọ̀wọ́n sínú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Káfíńtà ni bàbá tó bí wọn, aránṣọ sì ni ìyá wọn. Téèpù ìyá wọn ni wọ́n fi ń ṣeré láti kékeré. Kò sí ohun tí wọn kò wọ̀n nínú ilé náà, títí kan imú bàbá wọn bí bàbá bá sùn lọ.

Ọdún 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n péré ló wà ní kíláàsì wọn nígbà náà. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n gba iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú ní ọdún 1973. Téèpù kì í kúrò nínú báàgì wọn, ìyẹn ló jẹ́ kí gbogbo àdúgbò máa pè wọ́n ní Màmá Téèpù.

Ní ọdún 1980, wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò. Ìjà wọn kò pọ̀, àfi lórí ibi tó yẹ kí àga ńlá wà ní pálọ̀.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1994, ìlú ti fẹ̀ kọjá bí ẹnikẹ́ni ṣe rò. Ilé tuntun ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ilé ìwé kan náà sì ni gbogbo ọmọ inú wọn ń wọ́ lọ. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Bàbá ń kọ́ nínú yàrá kan; ojú fèrèsé ni àwọn mìíràn ń jókòó sí. Ìgbìmọ̀ ìlú wá fẹ́ kọ́ kíláàsì mẹ́wàá sórí pápá ìgbafẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún wa. Inú àwọn òbí dùn, ṣùgbọ́n Màmá ní rárá o. Wọ́n ní bí pápá yẹn bá lọ, ó lọ nìyẹn. Wọ́n ní kí a gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé ìwé lórí, kí àwọn ọmọ máa lọ ní ìpín méjì, àárọ̀ àti ọ̀sán, títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn òbí kọ̀wé pé kí a dá Màmá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ lónìí: Bàbá wa fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n ní àwọn kò lè máa kọ́ ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin kí ẹnì kan tún máa bá àwọn sọ̀rọ̀ koríko. Níbi ìpàdé tí ìgbìmọ̀ ìlú pè lórí ọ̀rọ̀ náà, Màmá ka orúkọ gbogbo àwọn tó fọwọ́ sí i sókè ketekete. Nígbà tí wọ́n dé orí ti Bàbá, wọ́n fi "ọkọ mi" kún un. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá wá kéde pé àwa ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí ìpín ọ̀sán. Bí ìgbìmọ̀ ṣe gba àbá wọn nìyẹn. Inú bí wa gan-an, ọdún méjì gbáko la sì fi rìn nínú oòrùn yẹn. Nígbà tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì parí ní ọdún 1996, wọ́n fún Bàbá ní kíláàsì òkè, ọmọ ogójì péré. Bàbá délé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbé àga pálọ̀ lọ síbi tí Màmá fẹ́.

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá. Ogún ọdún ni ẹgbẹ́ akọrin fi fara da ohùn wọn. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2007, wọ́n sì sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Wọ́n fi Bàbá wa, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àwọn àbúrò sáyé lọ. Àárò wọn ń sọ wá púpọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. A mọ̀ pé ẹ fún mọ́ra yín ní òpópónà tóóró yìí, nígbà tí pápá ńlá yẹn wà lódìkejì odi. Ìgbìmọ̀ ìlú yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa, ìwé tí Màmá fi sílẹ̀ ni kò gbà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Sátidé bíi tòní ni ọjọ́ eré àwọn ọmọdé, kí a má fi òkú àwọn dí wọn lọ́wọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ré odi kọjá wá bá yín lórí ìjókòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbá a padà fún wọn. Bàbá ti ní àwọn ni yóò kọ́kọ́ gbá a.

Ẹ sùn re, Màmá wa. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ yẹn, àwọn ọmọ ló ń ṣeré.