Igi Tí Bàbá Fi Há Táyà

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Okun o, bí a ṣe ń kíra nílé wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Jikwoyi ní Àbújá níbí. Mo kí Ṣẹ́gun àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo agboolé. Bọ́sẹ̀, ìyàwó Délé ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ní kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. Ó ní òun máa fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wọn. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

Mo ń bọ̀ wálé, Ìyá, mi ò sì ní padà sí Àbújá mọ́. Ooru ibí ti sú mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lọ ata fún àwọn ará àdúgbò yìí. Aládùúgbò mi á kí mi ní sànnu lédè Haúsá, èmi á dáhùn yauwa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ń parí sí. Àwọn ọmọ Délé ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn fẹ́ ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹ ti dàgbà, èmi náà ti dàgbà, ẹ jẹ́ ká jókòó pọ̀.

Mi ò ní fi ẹ̀rọ ìlọta mi sílẹ̀, torí òun ni màá fi jẹun nílé. Délé ọmọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà ọkọ̀, bá lọ ra ohun kan tó dà bí ọmọlanke ńlá, tó ní táyà méjì, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ á máa fà lẹ́yìn. Ó ní tòkunbọ̀ ni, ó sì ní bíréèkì tirẹ̀ tí iná ń mú ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ta ni á máa tẹ̀ ẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa de àpótí kékeré kan sábẹ́ sítíárín. Bí òun bá ti tẹ bíréèkì ọkọ̀, àpótí náà á rán iná sẹ́yìn, ọmọlanke á sì di táyà tirẹ̀ mú.

Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gun òkè ẹnu ọ̀nà ìlú wa títí màá fi fojú ara mi rí i pé ó dúró. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni bíréèkì ti kọ̀ fún Bàbá, tí lọ́rì ń fẹ̀yìn rìn, tó bẹ́ sílẹ̀ láti há igi sí táyà, tí táyà sì gun ẹsẹ̀ rẹ̀. Igi náà dá lọ́rì dúró, ṣùgbọ́n Bàbá tiro títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé àpótí ìjókòó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Délé. Wáyà kan ti ara bátìrì wá sínú àpótí bíréèkì náà, ó gba inú fíúsì. Òmíràn ti ibi tí wọ́n ń tẹ bíréèkì wá, òmíràn lọ sẹ́yìn, Délé sì fi nọ́ọ̀tì de èyí tó kù mọ́ irin ara ọkọ̀. Láti ẹ̀yìn, ó jọ Bàbá gan-an. Mo rántí abẹ́ igi máńgòrò, tí Bàbá á ti orí bọ inú ẹ́ńjìnnì lọ́rì, tí ẹ̀yin á máa bẹ iṣu, tí èmi á di nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú ìró mi kó má baà sọnù. Òórùn epo ọkọ̀ àti èéfín iṣu yín, mi ò tíì rí irú rẹ̀ níbòmíràn.

A gbé ẹ̀rọ ìlọta sẹ́yìn, a lọ sí ibi tó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ kan ní Lokogoma. Délé tẹ bíréèkì, ọmọlanke ń tì wá lọ. Iná inú àpótí náà ń ṣẹ́jú. Ó ní àpótí ló bàjẹ́, òun máa wá òmíràn. Mo bi í pé ṣé ó ha ọ̀dà kúrò lára irin kó tó de wáyà yẹn. Ó ní nọ́ọ̀tì á jẹ ọ̀dà náà wọlé, pé Màmá ti di ọ̀gá oníwáyà. Mo ní Bàbá máa ń fi ọ̀bẹ ha á títí irin á fi mọ́lẹ̀, torí ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Mo ní kó mú ọ̀bẹ wá.

Ó ha á, ó tún un dè. A padà sórí gẹ̀ẹ́rẹ́ náà. Ó tẹ bíréèkì, gbogbo rẹ̀ sì dúró lójú kan, ẹ̀rọ mi kò mì. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Délé bi mí irú ẹni tí Bàbá jẹ́. Kò bi mí rí. Mo sọ̀rọ̀ Bàbá láti Lokogoma dé Jikwoyi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la ó gbéra. Igi Bàbá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná o. Kí Ṣẹ́gun gbé e lọ́wọ́, kó lọ dúró dè wá lórí òkè náà. Délé ní bíréèkì òun ti tó. Ó ti tó lóòótọ́, mo rí i. Kí Ṣẹ́gun ṣáà dúró síbẹ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí dè mí, kó jẹ́ kí ojú yín ríran láti rí mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa kó ata jọ.

Èmi ni, ọmọ yín,
Rẹ̀mílẹ́kún