Yẹ̀pẹ̀ Sàréè Bàbá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Agége

A sin Bàbá sẹ́yìnkùlé lónìí. Sàréè ò tíì jìn dé ìbàdí tí òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà fi gba gbogbo àgbàlá. Òyì kọ́ ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń bì.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ẹ̀yìn ògiri ni. Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé, wọ́n kógbá sílé, wọn ò kó tínà tó ń jò sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Wọ́n ní ká sá yẹ̀pẹ̀ tá a gbẹ́ jáde sóòrùn, ká máa yí i, tínà á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ààfáà ní, "Ẹ má jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀." A fi ṣọ́bìrì yí i títí di ìrun aláásárì.

Ẹ̀gbọ́n mi bù ú, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. "Ó ti lọ."

Sàréè fúnra ẹ̀ ṣì ń rùn nígbà tá a gbé Bàbá wọ̀ ọ́. A ò kúkú lè gbé sàréè sá sóòrùn.