Amọ̀ Tí Ẹ Ní Kí Wọ́n Kó Dànù

Bọ̀dá mi, Bàbá Dáníẹ́lì,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Dáníẹ́lì àtàwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ló ń lò. Iṣu ta dáadáa ní Ṣakí lọ́dún yìí.

Ọ̀rọ̀ Bólúwadúró, ọmọ Jùmọ̀kẹ́ àbúrò wa, ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé kò fọhùn mọ́ látìgbà tí ọ̀kadà ti pa bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìgbòho. Ní kíláàsì tí mò ń kọ́ nílé ìwé tí ẹ dá sílẹ̀ níbí, mo máa ń kó amọ̀ àti ewé síwájú àwọn ọmọ, kí kálukú fi ṣe ohun tó bá wù ú. Lọ́jọ́ kan, ó fi amọ̀ mọ ènìyàn, ó gbé e wá bá mi, ó ní, "Bàbá mi rèé." Mo sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà lẹ pe ọ̀gá ilé ìwé pé ẹ kò dá ilé ìwé sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò máa fi ẹrẹ̀ ṣeré. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù lójú àwọn ọmọ. Bólúwadúró tún dákẹ́. Ó ti mọ ábídí kọ tán báyìí, bí ẹ ṣe fẹ́, àmọ́ kò rí ohùn tí yóò fi kà á.

Mo ti fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó ránṣẹ́ sí mi. Tí ẹ bá wálé, kí ẹ lọ jókòó ti ọmọ náà.

Kí Ọlọ́run máa dá ohùn àwọn ọmọ tiyín sí.

Àbúrò yín,
Mọ́ládé