Oúnjẹ Tó Kù Lórí Káàdì Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. N kò jí oúnjẹ ní yunifásítì. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara mi le.

Káàdì oúnjẹ tí ẹ san owó rẹ̀ ń jẹ́ kí n jẹun nígbà tó bá wù mí, àmọ́ èyí tí n kò bá jẹ yóò ṣòfò lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ mọ̀ pé wọn ò fi ìyẹn tọ́ wa. Mo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi tí oúnjẹ ti tán lórí káàdì wọn wọ ilé ìjẹun yunifásítì, bẹ́ẹ̀ káàdì kan, ẹnu kan ni òfin wọn. Ìyá tó ń bu oúnjẹ ní, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin eéṣú, ẹ ṣáà má jẹ tábìlì mi."

Nígbà tí ọ̀gá ilé ìjẹun ká wa mọ́ ibẹ̀, ìyá ní òun ni òun pè wá. Mo panu mọ́. Abọ́ ni wọ́n ní kí ìyá máa fọ̀ báyìí, wọ́n sì fẹ́ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́la, màá lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá, bí wọ́n tilẹ̀ máa gba káàdì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ má sì tíì sọ fún Màámi. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ.

Mo ka àwọn tó ti dúró tì mí: ẹ̀yin, àwọn ọ̀rẹ́ mi, ìyá yẹn. Èmi nìkan ni kò tíì dúró ti ẹnikẹ́ni.

Àbúrò yín, Olórí-kunkun.