Ìpín Ẹni Tó Jókòó

Bàámi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ sùn sódìkejì ọ̀nà,

Orí àga tó wà lójú fèrèsé ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín. Láti ibí ni mo ti ń rí ọ̀nà márosẹ̀ tí wọ́n là kọjá láàrin èmi àti ibojì yín. Ẹ rántí ọjọ́ tí katakata kọ́kọ́ dé, tí ẹ jókòó sábẹ́ àgbọn tí ẹ ń wò ó, tí ẹ ń bèèrè pé ọ̀nà tó fẹ̀ tó báyìí, báwo ni ará ìhín yóò ṣe máa gbóhùn ará ọ̀hún? Nígbà náà, a ṣì ń fi ẹsẹ̀ dá a kọjá. Nísinsìnyí wọ́n ti fi kọnkéré dí àárín rẹ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló kù, orúnkún mi kò sì gba àtẹ̀gùn gíga bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti dé ibojì yín gbẹ̀yìn. Mo lè fi ìka tọ́ka sí àwọn àgbọn abúlé wa láti inú yàrá mi, síbẹ̀ n kò lè dá dé ibẹ̀. Bí ẹja inú ìgèrè ni mo rí: ó ń wo omi, kò rí ọ̀nà jáde.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ìyàwó mi ti wá bá yín, ẹ ó ti ríra. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn odi, ojú wọn máa ń kéré nínú fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó ń mú mi jáde nílé ni bọ́ọ̀lù. Ìsàlẹ̀ ilé tó tẹ̀ lé tèmi ni Múfútáù ṣí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí: bẹ́ǹṣì mẹ́fà, tẹlifíṣọ̀n méjì, páànù lókè orí. Bíríkìlà ni Múfútáù, ọmọ ọmọ Sùfíánù ni, Sùfíánù yín tó máa ń gbá apá òsì. Òun náà ni olórí àwọn ọ̀dọ́ abúlé wa báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà ìhín ni ó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ní Sátidé kan, iná lọ bí abala àkọ́kọ́ ti parí. Bí wọ́n ti ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá dá ènìyàn padà sí ọmọ ogún ọdún, tí ó sì fún un ní ẹsẹ̀ tó mọ bọ́ọ̀lù, akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ni yóò wù ú láti gbá bọ́ọ̀lù fún? Ọ̀kan mú ará Jámánì kan tó máa ń dì mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó rí àbúrò rẹ̀ tó sọnù. Wọ́n ní kó má wulẹ̀ lọ, pé òórùn òógùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mọ́ ọn. Òmíràn mú ará Ítálì kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í pé òun tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun afárá ẹlẹ́sẹ̀, ṣé òun ni ọkùnrin náà yóò wò tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ìyá Ṣọlá tó ń ta mínírà, tó máa ń wọ sùtánà funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá tààrà, ní ti òun, kóòṣì tó bá jẹ́ kí òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni òun yóò bá lọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni bẹ́ǹṣì yẹn gún láyà.

Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní Ọ̀gá Pírínsípà, ẹ̀yin ńkọ́? Mo dáhùn bí mo ti ń dáhùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní Ọ̀gá Bánkọ́lé, tíṣà eré ìdárayá wa ní sẹ́kọ́ńdírì. Múfútáù pàtẹ́wọ́. Ó ní ohun tí àwọn ń fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti gba ìyókù pápá etíkun padà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé, wọ́n fẹ́ gbé pátákó síbẹ̀, orúkọ Ọ̀gá Bánkọ́lé ni wọ́n sì ti kọ sára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù abúlé wa sílẹ̀. Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀, ìwé ìtàn abúlé tí èmi fúnra mi kọ. Èmi náà ni kí n wá ṣí aṣọ lójú pátákó ní Sátidé tó ń bọ̀.

Bàámi, Ọ̀gá Bánkọ́lé kò dé abúlé wa rí.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi kọ ọ́, nítorí ọwọ́ yìí ló kọ irọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Ẹ kò ní fèrè, àtẹ́wọ́ lẹ fi ń darí wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ẹ ó kọ́kọ́ mú wọn fa àwọ̀n. Àwọn kan á di okùn ọ̀tún mú, àwọn kan á di tòsì, wọn a máa fà á bọ̀ wá pàdé ara wọn lórí iyanrìn. Bí ìhà kan bá yára ju ìkejì, àwọ̀n á wọ́, ẹja á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ ní ẹni tó bá lè fa àwọ̀n láì wo ọwọ́ ara rẹ̀, á gbá bọ́ọ̀lù láì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ti wo gbogbo àwọn kóòṣì orí tẹlifíṣọ̀n yìí. N kò tíì gbọ́ ohun tó ju ìyẹn lọ lẹ́nu wọn.

Èmi ni mo mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wọn, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó bá ti dé ẹsẹ̀ mi, ó di tèmi nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a gbá pẹ̀lú àwọn ará Lakowe, ẹ gbé mi jókòó, èmi ọmọ yín, níwájú ìyá mi àti gbogbo abúlé. Ẹ kò bú mi. Ẹ kàn nawọ́ sí igi àgbọn tó wó lulẹ̀, tí a fi ń ṣe bẹ́ǹṣì. A borí. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ ń pín ẹja, orúkọ mi lẹ kọ́kọ́ pè. Ìpín ẹni tó jókòó lẹ pè é. Àṣà àwọ̀n ni: ẹni tó dúró ti aṣọ àwọn tó wà lómi náà ní ìpín, òun ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ fún kí ojú má baà tì í. Ẹja òkun tí à ń pè ní apò, ńlá méjì. Mo jù wọ́n sórí iyanrìn níwájú yín, mo sì rìn lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣà wọ́n, ẹ ń fi omi òkun ṣan iyanrìn kúrò lára wọn. Ìyẹn ni mo ń rí bí mo bá dijú. Kí ló dé tí ẹ kò gbá mi létí?

Lódìkejì ọ̀sà, ní sẹ́kọ́ńdírì, Ọ̀gá Bánkọ́lé jẹ́ kí n ṣe bó ti wù mí. Mo wọ nọ́ḿbà mẹ́wàá, mo gbá gólì wọlé, wọ́n gbé mi sórí èjìká. Ènìyàn dáadáa ni, kò sí ẹ̀bi rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di pírínsípà, tí abúlé ní kí n kọ ìtàn wa sínú ìwé, mo dé ojú ìwé kẹrin, níbi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ọwọ́ mi kò sì gbà láti kọ orúkọ apẹja tí kò mọ̀wé síbẹ̀. Kì í ṣe ìtìjú nìkan. Ìbínú igi àgbọn yẹn ṣì wà níkùn mi, èmi tí mo ti bímọ mẹ́ta. Mo kọ Bánkọ́lé. Mo ní ta ni yóò kà á?

Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ dá ọ̀nà márosẹ̀ kọjá wá sílé mi, ẹ wọ bùbá tí ẹ fi ń lọ síbi àṣeyẹ, ẹ ní kí n kà á fún yín. Mo ka ojú ìwé kìíní, mo ka ìkejì àti ìkẹta. Nígbà tí ó kan ìkẹrin, mo ṣí ewé méjì papọ̀. Ẹ ń mi orí. Nígbà tí mo parí, ẹ ní ó dùn, ẹ wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀ ni. Mo ní àyè kò gbà á. Ẹ ní ó dára.

Nígbà tí ẹ kú, mo bá ìwé náà nínú apẹ̀rẹ̀ àwọ̀n yín. Etí ojú ìwé kẹrin ti ká. Ta ló kà á fún yín, bàámi? Àbí ẹnikẹ́ni kò kà á, tí ó kàn ká bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àwọ̀n? Bí ẹ bá mọ̀, báwo lẹ ṣe ń bá mi jẹun láti ìgbà náà títí dọjọ́ ikú yín?

Mo gbìyànjú láti sọ fún Múfútáù láàrin ọ̀sẹ̀. Mo pè é sókè, mo bi í bóyá bàbá àgbà rẹ̀ kì í sọ ohun mìíràn nípa ẹgbẹ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó pẹ́ tí bàbá àgbà ti ń sọ fún àwọn pé bàbá mi ló kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́, àwọn sì gbà pé ó ti ń ṣarán, nítorí ohun tó ń wí kò bá ìwé mu. Ó ní wọ́n tilẹ̀ máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójúlé wọn. Mo ní kó máa lọ.

Ní Sátidé, wọ́n gbé mọ́tò wá. Pátákó náà kò wọnú bọ́ọ̀tù mọ́tò náà, ni wọ́n bá fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbé e lé mi lórí itan ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó fún mi mọ́ ilẹ̀kùn. A ní láti lọ jìnnà lọ́nà Ibeju kí a tó rí ibi tí a ti lè yí padà wá síbi tí mo ń wò láti ojú fèrèsé mi. Ní gbogbo kòtò, etí pátákó ń gún mi lórúnkún. Bí mo bá tilẹ̀ ní n óò bọ́ sílẹ̀, ibo ni ǹ bá gbà?

Èrò ti pé. Wọ́n ti gbé Sùfíánù jókòó síwájú, ó dé fìlà. Wọ́n gbé pátákó nàró, wọ́n ní kí n ṣí aṣọ, mo kí èrò, mo ṣí i, wọ́n pàtẹ́wọ́. Sùfíánù gbọ́ ohùn mi, ó ní kí wọ́n mú òun dé ìdí pátákó. Ó nawọ́, ó ń tọ àwọn lẹ́tà náà bí ẹni tó ń wá ibi tí àwọ̀n ti ya. Ó wá ní:

“Ojú mi kò sí mọ́. Ìwọ lo mọ̀wé. Kà á fún mi.”

Ẹ wo ibi tí Ọlọ́run tún mú mi padà sí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ewé tí mo lè ṣí méjì papọ̀, ìlà kan ṣoṣo ni. Mo kà á bó ti wà. Sùfíánù ṣì ń tọ lẹ́tà náà. Mo rí àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn, tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Bàámi ló kọ́ yín.”

Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Sùfíánù kò kọjú sí mi. Ó kọjú síbi tó ti ń gbọ́ ẹ̀rín tẹ́lẹ̀.

“Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí? Orí mi ṣì pé.”

Múfútáù wò mí bí ẹni tó ń wo ògiri tó mọ lánàá tó wó lónìí. Ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo fi jókòó lọ́dọ̀ òun, tí mo jẹ́ kí àwọn máa fi bàbá àgbà òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n yọ pátákó náà, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n sì lọ fa àwọ̀n tí wọ́n ti fẹ́ fà fún ayẹyẹ náà. Kò sí ẹni tó tíì gbé mi lọ sílé. Èmi náà kò lè dá lọ, ọ̀nà márosẹ̀ wà níwájú mi, òkun wà lẹ́yìn mi. Ibojì yín kò jìnnà síbi tí mo wà, mo ń rí òrùlé rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lójú láti ní kí ẹnikẹ́ni mú mi débẹ̀. Mo jókòó títí tí oòrùn fi rọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń pín ẹja, mo gbọ́ tí Sùfíánù bèèrè ẹni tó jókòó lónìí. Ẹnìkan ní Ọ̀gá Pírínsípà ni. Sùfíánù ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún mi. Múfútáù fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, kò wo ojú mi. Ẹja apò kan, iyanrìn ṣì wà lára rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, nígbà tí wọ́n sì wá fi mọ́tò gbé mi padà, mo gbé e lé itan, níbi tí pátákó wà lẹ́ẹ̀kan, títí a fi dé ilé.

Wọ́n gbé pátákó náà wá lọ́jọ́ kejì, ó wà ní pálọ̀ mi báyìí, ó dojú kọ ògiri. Múfútáù rán Ìyá Ṣọlá pé kí n kọ ohun tó tọ́ sórí ìwé, kí àwọn lè fi ọ̀dà tún un kọ. Mo ti kọ orúkọ yín ní pípé, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́. N kò tíì lójú láti tún sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòran. Mo ń gbọ́ igbe wọn láti ibí bí wọ́n bá gbá gólì.

Bí wọ́n bá tún bi mí lọ́jọ́ kan, mo ti mọ èsì mi. Ẹ̀yin ni. Kódà bí ẹ bá tún nawọ́ sí igi àgbọn yẹn.

Mo fọ iyanrìn kúrò lára ẹja náà bí mo ti rí i tí ẹ ṣe é. Mo sè é, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìpín rẹ̀.