Máàpù Tó Gba Ìbàdí Bàbá Rẹ Kọjá

Abà Alápó,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Jáfẹ́tì ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara Olúrẹ̀mí aya rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí á máa jí ẹ̀yin náà, ìbànújẹ́ kò ní mọ ojúlé yín. Ara tèmi náà le. Orúnkún nìkan ló ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún kì í pa arúgbó, ó kàn ń jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀nà jìn ni.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ dé o. Mo dúpẹ́. Láti ọdún mẹ́ta tí a ti sin bàbá rẹ, tí ìwọ kò ráàyè wá, o ráàyè rán èèyàn mẹ́rin àti ẹ̀rọ kan kí wọ́n wá wá ààlà àtijọ́ tó wà láàárín ilẹ̀ Òkè-Àgbò àti ti Agó-Ìwòyè láyé àwọn òyìnbó. Ẹni tó bá mọ̀wé tó ọ, kò yẹ kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Ọmọ́títí tó ṣáájú wọn, ọmọ gidi ni, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní ojú ọ̀run ni ẹ̀rọ náà ti ń gbọ́ ibi tí a dúró sí. Mo bá bọ́ bàtà mi, mo ní kó bá mi béèrè bí bàbá rẹ ṣe wà lọ́hùn-ún. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í kí ẹnikẹ́ni, ibi tí nǹkan wà nìkan ló mọ̀. Mo ní ó jọ ẹni tó rán an.

Wọ́n tún mú ìwé ìkànìyàn ọdún 1963 dání. Ó wà nínú rẹ̀ pé ọkùnrin mọ́kànlélógójì ló ń gbé abà wa, bẹ́ẹ̀ ilé mẹ́ta ni a ní nígbà náà! Ìyá ọkọ mi sọ fún mi pé bàbá bàbá rẹ ló kó gbogbo akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Àgbò wá lọ́jọ́ ìkànìyàn, kí a lè pọ̀ ju àwọn ará Agó lọ, òun ìyá ọkọ mi ló sì se iṣu tí wọ́n jẹ. Mo sọ ọ́ fún Ọmọ́títí, ó ní kò sí àyè iṣu nínú fọ́ọ̀mù náà. Abájọ tí ìwé fi mọ ohun gbogbo.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyí. O mọ̀ pé pèrègún ni àwọn àgbà fi ń pààlà níhìn-ín, torí ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á. Nígbà tí a sin bàbá rẹ sẹ́yìn ilé bó ṣe fẹ́, sìmẹ́ǹtì tí o ní ò ń mú bọ̀ kò dé, bóyá ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ láti Èkó. Mo bá gé ẹ̀ka pèrègún méjì lára ti ààlà tó wà létí odò, mo gbin ọ̀kan sí ọ̀tún ìbàdí rẹ̀, mo gbin ìkejì sí òsì, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọkọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà tí mo lọ gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ wọn ẹ̀yìn ilé. Wọ́n rí pèrègún, wọn kò rí sìmẹ́ǹtì, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ ti etí odò.

Máàpù náà ti dé. Ó lẹ́wà, ó ní àwọ̀ bí aṣọ ọdún. Orí bàbá rẹ wà ní Òkè-Àgbò, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní Agó-Ìwòyè. Ọkùnrin tí kò sùn níta rí láyé rẹ̀!

Mùbàṣírù tó ni oko kejì, ní apá Agó, gbọ́, ó wá jókòó níwájú ilé mi, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́. Ó ní Ìyá Jáfẹ́tì, láti òní lọ, orí ọkọ yín ni kí ẹ máa kí o, bó bá di ti ẹsẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá gba àṣẹ lọ́wọ́ òun. Mo ní kó tọ́jú ẹsẹ̀ náà dáadáa, ẹsẹ̀ tó máa ń ta á nípàá ní kékeré ni. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní bí máàpù bá ti wọ ọ́fíìsì ìjọba níparí oṣù yìí, àwọn máa gbin ọ̀pẹ sí apá tiwọn. Jáfẹ́tì, ibẹ̀ ni mo ti fojú sí fún ara mi, lẹ́bàá ẹsẹ̀ bàbá rẹ.

Ọmọ́títí sunkún nígbà tí mo sọ fún un pé ibojì ni. Ó ní orúkọ olùkọ́ àwọn ló wà lábẹ́ máàpù, olùkọ́ náà nìkan ló lè fọwọ́ sí àtúnṣe, lẹ́yìn tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Àwọn kan ní kí n kúkú hú pèrègún náà. N kò ní hú u. Ó ti ga jù mí lọ. Ìdí rẹ̀ ni mo ń jókòó sí láràárọ̀, tí mo ń sọ fún bàbá rẹ pé o kí i. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń gbà á.

Owó tí mo fẹ́ kí o wá nǹkan ṣe sí kò pọ̀, owó ọkọ̀ láti Èkó dé Ìjẹ̀bú-Igbó ni. Má fi rán ẹnikẹ́ni, má sì sọ ọ́ sí bánkì, ẹ̀rọ wọn lè gbé e lọ sí Agó. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi í lé, kí o sì rí i pé ẹni náà dé kí oṣù tó parí.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí, wàá dàgbà, wàá darúgbó. Lọ́jọ́ tó bá sì di ọjọ́ alẹ́ rẹ, ọmọ tí o bí á mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Abigéèlì.