Ètò Tí Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

Àbúrò mi, ara mi le. Má dààmú nípa ẹsẹ̀ mi tó wú. Ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Kí ọmọ mi tó kú, ó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò omi inú páìpù fún iléeṣẹ́ wọn. Ohun tó fọwọ́ kọ, tí ènìyàn lè kà, ti sọnù. Èyí tí kọ̀ǹpútà ti lọ̀ kúnná ló kù, ta ló sì lè to àgbàdo lílọ̀ padà sára ṣùkù? Èdè kọ̀ǹpútà mìíràn ni àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń lò, wọ́n ní àwọn yóò da tiẹ̀ nù. Ìyàwó rẹ̀ ní ó tì o. Ó ń kọ ètò kékeré tí yóò bò ó, tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín ètò ọkọ rẹ̀ àti tàwọn ọ̀dọ́ náà.

Lánàá, ó fún ètò ọkọ rẹ̀ ní nọ́ńbà tó tóbi ju àyè tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ètò náà kò ráhùn, ó kàn ṣubú lulẹ̀. Mo ní, “Ọmọ mi gan-an nìyẹn. Kì í sọ pé ibì kan ń dun òun.”

Láàárọ̀ yìí, ó tún un ṣe, ètò náà sì dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ sunkún. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn sínú lẹ́tà. Mo ní kó kọ ọ́. Èmi ò sunkún.

Bá mi kí ará ilé. Ẹni tó bá béèrè ọmọ mi, sọ fún un pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.